Ọ̀pẹ Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Fi Dógò Nítorí Gbèsè Tí Wọ́n Ti San

Ẹ̀yin òǹkàwé, ohun kan wà lọ́kàn mi tí mo ti ń gbé kiri láti ìgbà ọ̀dọ́ mi. N kò sọ ọ́ fún ìyàwó mi títí ó fi kú. N kò sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ti di arúgbó báyìí, mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, ojú mi kò sì fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́. Mo lè gbé e wọ sàréè, kò sí ẹni tó máa mọ̀.

Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ lónìí ni pé wọ́n ti dá ọjọ́ fún mi. Lọ́jọ́ náà, wọ́n máa bi mí ní ìbéèrè kan lábẹ́ ọ̀pẹ, ní Takon, níwájú ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Mo ti dáhùn ìbéèrè yẹn rí. Irọ́ ni mo fi dáhùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní sùúrù fún mi kí n tò ó bó ṣe ṣẹlẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ mi bá ń dúró lọ́nà bíi ti ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìwé kíkà, ẹ má bínú.

Ọmọ Yoko ni mí, lábẹ́ Sakété. Ìyá wa kú nígbà tí n kò tíì mọ ọwọ́ ọ̀tún mi yàtọ̀ sí ti òsì. Ẹ̀gbọ́n mi yìí, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Ìyá Fọlá, ló tọ́ mi. Epo pupa ló ń ṣe. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo wà nígbà tó bá ń gún ẹyìn, ẹ̀yìn rẹ̀ náà ni mo wà nígbà tó bá ń ru epo lọ sọ́jà. Nígbà tí bàbá wa fẹ́ kú, ó fún un ní igbó ọ̀pẹ kékeré kan lọ́nà Takon. Àwọn àbúrò bàbá wa kùn, wọ́n ní obìnrin kì í jogún ọ̀pẹ. Bàbá wa ní, “Ó ti ṣe ìyá fún Àkànní. Kò gbọdọ̀ lọ lọ́wọ́ òfo.” Èmi ni Àkànní tó ń wí.

Ọ̀pẹ yẹn nìkan ni ohun tí ẹ̀gbọ́n mi ní láyé tí kì í ṣe ti ọkọ rẹ̀.

Kò pẹ́ tí orílẹ̀-èdè wa gba òmìnira ni mo wọṣẹ́ ológun. Dàhòmì la ṣì ń jẹ́ nígbà náà. Mo ti kàwé díẹ̀, mo gbọ́ Faransé, n kò sì fẹ́ràn oko. Wọ́n fi mí sí ẹ̀ka kékeré kan tó ń ṣọ́ ọ̀nà ààlà nítòsí Pobè. Owó oṣù wa kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó ń wọlé lóṣooṣù. Ní Yoko, kò sí ẹlòmíràn tí owó ń wọlé fún lóṣooṣù. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà mi ti bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí mo gba ìsinmi mi àkọ́kọ́, mo fẹ́ kí gbogbo ilé mọ̀ pé sójà dé. Oníṣòwò aṣọ kan wà ní Pobè, ọmọ Ìjẹ̀ṣà láti Nàìjíríà. Òṣómàáló là ń pe irú wọn. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún ẹ̀yin ọ̀dọ́, nítorí mo mọ̀ pé irú òwò yẹn ti ń parẹ́. Wọ́n á gbé aṣọ fún ọ láìgba kọ́bọ̀. Ẹ ó jọ dá ọjọ́. Bí ọjọ́ bá pé tí o kò san, wọ́n á wá lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ, wọn kò sì ní dìde títí owó wọn á fi jáde. Wọn kì í ṣe ìkà. Bí òwò wọn ṣe rí nìyẹn.

Mo gba aṣọ àwìn lọ́wọ́ rẹ̀ fún àwọn àbúrò bàbá mi, fún àwọn ìyàwó wọn, àti fún Ìyá Fọlá. Mo ní owó ọwọ́ mi ni mo fi rà á. Wọ́n jó, wọ́n kì mí, ọkàn mi kún. Nígbà tí ọjọ́ sísan pé, n kò rí tó. Mo tún gba aṣọ mìíràn lọ́wọ́ rẹ̀, mo tà á ní ọ̀pọ̀ fún àwọn ìyàwó ẹlẹgbẹ́ mi, mo fi owó rẹ̀ san díẹ̀ nínú ti àkọ́kọ́. Mo ń fi gbèsè san gbèsè. Mo ti kọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ ní ìṣirò láti ìgbà náà, n kò sì rí ọmọ kan tí kò ní mọ ibi tí irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ ń lọ. Èmi kò mọ̀ ọ́n nígbà yẹn, tàbí kí n sọ pé n kò fẹ́ mọ̀.

Nígbà tí òṣómàáló bẹ̀rẹ̀ sí í ránṣẹ́ sí mi, ẹ̀rù bà mí. Ọ̀rẹ́ mi kan ń lọ sí Sakété, níbi tí Ìyá Fọlá ń gbé nílé ọkọ rẹ̀. Mo ní kó bá mi sọ fún un pé bí n kò bá san owó yìí, wọ́n máa jù mí sẹ́wọ̀n.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró síbí yìí díẹ̀. Kò sí ẹni tó dárúkọ ẹ̀wọ̀n fún mi. Èmi ni mo fi kún un, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè yá.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni òṣómàáló fúnra rẹ̀ dé sẹ́nu ọ̀nà káǹpù wa. Ó gbé ẹrù aṣọ rẹ̀ kalẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò, ó lóṣòó tì í. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ó ti ń hu ewú. Kò pariwo. Sójà tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà lọ bá a.

“Bàbá, ẹ dìde níbí. Ibùdó ìjọba ni.”

“Mo rí i, ọmọ mi. Ó mọ́ tónítóní. Ẹ kú iṣẹ́.”

“Mo ní ẹ dìde!”

“Gbọ́, ọmọ mi. Ìwọ gbé ìbọn, èmi gbé sùúrù. Ká wo èyí tó máa kọ́kọ́ wúwo lọ́wọ́ ẹni tó gbé e.”

Àwọn tó wà nítòsí bú sẹ́rìn-ín. Títí dìrọ̀lẹ́, gbogbo ẹni tó ń wọlé tó ń jáde ló ń bi í pé ta ló ń wá. Ó ń dá wọn lóhùn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé, “Àna mi kan ni. Ó mọ ara rẹ̀.” Lọ́jọ́ kejì, ó tún wà níbẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ti ń pè mí ní Àna Ìjẹ̀ṣà.

Ọ̀gá wa pè mí wọlé. Kápítéènì ni, ọmọ apá àríwá ilẹ̀ wa, kò gbọ́ Yorùbá. Faransé la fi sọ̀rọ̀.

“Ta ni ọkùnrin tó lóṣòó síta yẹn ń wá?”

“Èmi ni, Kápítéènì.”

“Ṣé ẹbí rẹ ni?”

“Rárá, Kápítéènì.”

“Mo rò bẹ́ẹ̀. Ẹbí kì í ní sùúrù tó bẹ́ẹ̀.”

Ó bi mí ní iye tí mo jẹ. Mo pè é ní ìdajì. Kò bá mi jiyàn. Ó ní kí wọ́n lọ pe bàbá yẹn wọlé, kí ẹnìkan tó gbọ́ èdè méjèèjì wá ṣe ògbufọ̀. Òṣómàáló dárúkọ iye rẹ̀ gan-an, kò fi kọ́bọ̀ lé e. Kápítéènì wá yíjú sí mi, ó ní, “Ìdajì ni gbogbo onígbèsè máa ń kọ́kọ́ jẹ́wọ́. Jókòó.”

Mo rò pé ìyà ló kù. Ìrànlọ́wọ́ ni mo rí gbà. Owó kan wà tí gbogbo wa ń dá díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù nínú ẹ̀ka wa, fún ẹni tí òkú tàbí àìsàn bá bá. Kápítéènì ní òun máa mú un níbẹ̀ fi san gbogbo gbèsè náà lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á sì máa yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ nínú owó oṣù mi títí á fi pé. Ó ní, “Ọmọ ogun tó jẹ gbèsè, ọ̀tá ti mọ ẹnu ọ̀nà tó máa gbà wọlé sí i lára. Mo ń ti ilẹ̀kùn yẹn ni. Kì í ṣe pé mo fẹ́ràn rẹ.”

Lẹ́yìn náà ló bi mí ní ohun kan. Mo ń gbọ́ ohùn rẹ̀ títí dòní.

“Ǹjẹ́ o ti ránṣẹ́ sílé lórí ọ̀rọ̀ yìí? Ǹjẹ́ ẹnikẹ́ni ń wá owó fún ọ níbì kan? Bí ó bá wà, ránṣẹ́ lónìí, kó dáwọ́ dúró. Mo ti rí ìyá tó ta ilé rẹ̀ nítorí gbèsè tí a ti san tán.”

Mo ní, “Kò sí ẹnì kankan, Kápítéènì.”

Mo ti ronú lórí ìdáhùn yẹn púpọ̀. Ẹ̀rù ló bà mí pé bó bá gbọ́ pé ẹbí mi ń wá owó, ó lè fawọ́ ìrànlọ́wọ́ tirẹ̀ sẹ́yìn. Ojú sì tún ń tì mí pé ọkùnrin tó wọ bàtà ìjọba ń sunkún sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin lọ́rùn. Ìdí nìyẹn. Kì í ṣe àwáwí.

Wọ́n san owó náà. Òṣómàáló gbé ẹrù rẹ̀ lé orí, ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní, “Àna mi, bó o bá tún fẹ́ aṣọ, ilé mi kò jìnnà.” Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Mo sun oorun dáadáa. N kò ránṣẹ́ sí Sakété. Mo ní nígbà tí ọ̀rẹ́ mi bá tún ń lọ, màá sọ fún un. Ọ̀rẹ́ mi kò tètè lọ, èmi náà kò sì wá ẹlòmíràn.

Ní ọjọ́ ọjà kan lẹ́yìn náà, wọ́n ní ẹnìkan ń bi mí léèrè lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá Fọlá ni. Ó gbé gààrí àti epo wá fún mi. Eruku ọ̀nà ti bò ó dé orókùn, nítorí ọkọ̀ kò dé gbogbo ibi tó ti wá. Sójà tó ń ṣọ́nà rí mi, ó pariwo, “Àna Ìjẹ̀ṣà, wọ́n tún ti dé o!” Ẹ̀gbọ́n mi kò mọ ohun tó ń wí. Ó kí i dáadáa.

Ó fà mí sábẹ́ igi máńgòrò yẹn kan náà. Ó tú ìdí gèlè rẹ̀, ó fi owó lé mi lọ́wọ́.

“Gbà. Má kà á síbí, ojú pọ̀.”

“Ẹ̀gbọ́n mi, níbo lẹ ti rí i?”

“Mo fi ọ̀pẹ mi dógò lọ́wọ́ Bàbá Oníkẹ̀kẹ́ ní Takon.”

“Ọ̀pẹ tí Bàbá fún yín?”

“Èwo ni mo tún ní? Ṣé wọ́n nà ọ́?”

“Rárá o.”

“Wọn kò dè ọ́?”

“Rárá.”

Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀ bíi ẹni tó ń wo ewúrẹ́ tó fẹ́ rà. Gbólóhùn tó yẹ kí n sọ wà lẹ́nu mi. “Ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ti san án.” Gbólóhùn kékeré ni. Ọmọ tó wà ní kíláàsì àkọ́kọ́ lè kọ ọ́ láìṣì í. Mo la ẹnu. Ó fi ọwọ́ dí mi lẹ́nu, ó rò pé ọpẹ́ ni mo fẹ́ dá.

“Má sọ nǹkan kan. Ọ̀pẹ kò lẹ́sẹ̀. Ibi tí mo fi í sí ni màá ti bá a. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbé ìwọ lọ, níbo ni màá ti wá ọ?”

Mo fi owó náà sápò.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ìtàn yìí lè yé yín, mo ní láti tún ọ̀rọ̀ kan ṣe, nítorí mo gbọ́ tí àwọn ọmọ òde òní ń dà á pọ̀. Ẹni tó fi ọ̀pẹ dógò kò ta ọ̀pẹ. Ẹni tó yá a lówó á máa kọ ẹyìn orí rẹ̀, ẹyìn yẹn ni èrè owó rẹ̀. Bó bá kọ ọ́ fún ogún ọdún, kò yọ kọ́bọ̀ kúrò nínú gbèsè. Ọjọ́ tí ọlọ́pẹ bá mú owó náà wá ní pípé ni ọ̀pẹ padà sílé, ìbáà jẹ́ ọmọ ọmọ rẹ̀ ló mú un wá. Ìwé kò sí níbẹ̀. Ẹlẹ́rìí ni ìwé.

Ohun tí wọ́n sì máa ń ṣe ní Takon nìyí. Wọ́n á lọ sínú igbó ọ̀pẹ náà, wọ́n á so màrìwò mọ́ igi tó wà ní ààlà. Ọkùnrin kan láti ìdílé ẹni tó fi ọ̀pẹ dógò gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí. Wọ́n á bu sódábì, ọtí líle tí à ń fi ẹmu pọn, fún un, á tọ́ ọ wò. Àgbà kan á wá bi í pé, “Kí ni owó náà ṣe?” Yóò dáhùn ní gbangba. Wọ́n ní ọkàn ènìyàn lè gbàgbé iye owó, ṣùgbọ́n kì í gbàgbé iṣẹ́ tí owó ṣe. Bí ọjọ́ ìràpadà bá dé, wọ́n á tún bi ẹlẹ́rìí ní ìbéèrè kan náà kí wọ́n tó tú màrìwò.

Ọ̀kan nínú àwọn àbúrò bàbá wa ló dúró fún Ìyá Fọlá lọ́jọ́ tó gba owó. Ṣùgbọ́n Bàbá Oníkẹ̀kẹ́ ní ẹni tí owó náà ṣiṣẹ́ fún gan-an gbọ́dọ̀ wá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ nígbà tó bá gba ìsinmi. Àgbẹ̀ tó rí jájẹ ni. Òun ló kọ́kọ́ ra kẹ̀kẹ́ ní àdúgbò rẹ̀, ibẹ̀ ni orúkọ náà ti wá. Ènìyàn dáadáa ni. N kò ní ẹ̀sùn kankan sí i.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe lọ sí Takon, pẹ̀lú aṣọ sójà lọ́rùn. Owó náà wà nínú àpótí mi ní káǹpù, pípé. Bí mo bá sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yẹn, gbogbo rẹ̀ ì bá parí síbẹ̀, wọn ì bá tú màrìwò lójú ẹsẹ̀. Wọ́n bu sódábì fún mi. Àgbà náà bi mí pé, “Kí ni owó náà ṣe?”

Ìyá Fọlá dúró níwájú mi. Inú rẹ̀ dùn.

Mo ní, “Ó yọ mí lẹ́wọ̀n.”

Gbogbo wọn ní, “Àṣẹ.” Ẹ̀gbọ́n mi fi ìdí aṣọ nu ojú.

Ẹ lè máa bi mí pé kí ni mo wá fi owó náà ṣe. N kò ra nǹkan ńlá kankan. Mo kọ́kọ́ ní kí n fi í pamọ́, kí n dá a padà fún un lọ́nà tí kò ní fura. Ṣùgbọ́n wọ́n ń yọ owó oṣù mi, oúnjẹ kò tó, mo mú díẹ̀. Mo tún mú díẹ̀. Nígbà tí àkókò mi pé lẹ́nu iṣẹ́ ológun, mo fẹ́ di olùkọ́. Ìyókù ni mo fi jẹun títí mo fi yege ìdánwò. Gbogbo ẹni tó ń pè mí ní Mẹ́tìrì, orúkọ Faransé tí à ń pe olùkọ́, láti ìgbà náà, orí ọ̀pẹ Ìyá Fọlá ló dúró lé pè mí.

Wọ́n gbé mi lọ kọ́ àwọn ọmọ ní ìhà àríwá lọ́hùn-ún. N kì í sábà wálé. Ní àkókò ẹyìn kan tí mo wálé, mo bá ẹ̀gbọ́n mi lọ sí Takon. Ó ń lọ ra ẹyìn tó fẹ́ fi ṣe epo. Ìyàwó Bàbá Oníkẹ̀kẹ́ ló ń tà á fún un. Ẹyìn orí ọ̀pẹ tirẹ̀ ni. Mo dúró, mo ń wò ó bó ṣe ń ná an.

“Ìyàwó wa, ẹ dín in fún mi. Èmi ni mo bí wọn, ẹ̀yin kàn gbà wọ́n tọ́ ni.”

“Ìyá Fọlá, bí wọ́n bá jẹ́ ọmọ yín, kí ló dé tí wọn kò tẹ̀ lé yín lọ sílé?”

“Wọ́n ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ yín ni. Wọn ò tíì gba òmìnira.”

Àwọn méjèèjì ń fọwọ́ lu ara wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Èmi ni mo bá a ru ẹyìn náà délé. Ó wúwo.

Ẹ ó bi mí pé ìgbà tí mo di olówó oṣù, tí mo ti kúrò nínú gbogbo ìṣòro yẹn, kí ló dé tí n kò gba ọ̀pẹ náà padà fún un? Mo ti wá ìdí tó dára fún yín. N kò rí. Mo gbéyàwó, mo bímọ, mo kọ́ yàrá méjì. Lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ni mo mú owó lọ bá a, mo ní kó fi ra ọ̀pẹ rẹ̀ padà. Ó kọ̀.

“Ṣé o fẹ́ kí wọ́n ní mo fi ọwọ́ ọ̀tún ṣe ọmọ ìyá mi lóore, mo fi ọwọ́ òsì gba owó rẹ̀? Èmi ni mo yá owó, èmi ni màá san án. Gbé e lọ fi tọ́ ọmọ.”

N kò bẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. Mo yára dá owó náà padà sápò. Ẹ jọ̀ọ́, n kò fẹ́ purọ́ fún yín lórí eléyìí: ara tù mí. Mo ní òun ló kọ̀, kì í ṣe èmi. Orí ìyẹn ni mo sùn lé fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ní báyìí, Bàbá Oníkẹ̀kẹ́ ti kú. Ìyàwó rẹ̀ ti kú. Àbúrò bàbá wa tó ṣe ẹlẹ́rìí ti kú tipẹ́. Àwọn ọmọ Bàbá Oníkẹ̀kẹ́ fẹ́ gé àwọn ọ̀pẹ náà lulẹ̀, kí wọ́n fi ẹmu wọn pọn sódábì, kí wọ́n sì pín ilẹ̀ náà tà fún àwọn tó ń kọ́lé. Wọ́n ní bàbá àwọn ra ibẹ̀ ni. N kò pè wọ́n ní òpùrọ́. Lójú ayé wọn, bàbá wọn ló ń kọ ẹyìn níbẹ̀.

Fọlá, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, wá bá mi nílé. Òun náà ti ní ọmọ ọmọ. Ó kúnlẹ̀.

“Bàbá, ẹ̀yin nìkan ló kù o. Àwọn àgbà Takon ní àwọn máa pé jọ. Wọ́n ní ẹni tó ra nǹkan, a kì í bi í léèrè iṣẹ́ tí owó ṣe. Dógò nìkan là ń béèrè iṣẹ́ owó fún. Wọ́n ti gba ọ̀rọ̀ ẹnu Màmá. Bí ọ̀rọ̀ tiyín bá bá ti Màmá mu, a ó san owó, ọ̀pẹ á padà.”

“Kí ni Màmá sọ fún wọn?”

“Ohun tí gbogbo wa mọ̀ náà ni. Pé ó yọ yín lẹ́wọ̀n.”

Ẹ rí ibi tí mo wà. Bí mo bá tún irọ́ mi pa, ọ̀pẹ ẹ̀gbọ́n mi á padà sílé. Bí mo bá sọ òótọ́, ọ̀rọ̀ mi kò ní bá tirẹ̀ mu, àwọn ọmọ Bàbá Oníkẹ̀kẹ́ á ní ẹ ò rí i, wọn kò tilẹ̀ mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Wọ́n lè gé ọ̀pẹ náà nítorí òótọ́ tí mo sọ lẹ́yìn tí ó ti pẹ́ jù.

Mo ní kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ fún Ìyá Fọlá nìkan. Mo wọ ọkọ̀ lọ sí Sakété. Mo bá a lórí ẹní níwájú ilé. Kò lè rìn jìnnà mọ́, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ṣì mú. Àwọn obìnrin ìjọ rẹ̀, tí wọ́n wọ aṣọ funfun, wá kí i. Bó ṣe rí mi ló nawọ́ sí mi.

“Ẹ wò ó. Mẹ́tìrì yín nìyí. Ẹ wo bó ṣe gún régé. Ẹ̀wọ̀n ni ì bá jẹrà sí, ṣé ẹ mọ̀? Èmi ni mo lọ yọ ọ́. Ẹsẹ̀ mi méjèèjì yìí ni mo fi rìn wọ Pobè, owó ń bẹ nídìí gèlè mi.”

Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà ní, “Màmá, ẹ ti sọ ọ́ fún wa lọ́sẹ̀ tó kọjá.”

“Màá tún sọ ọ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Èmi kò kàwé. Èmi kò kọ́lé. Àbúrò mi ni mo kọ́.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n kí mi kú oríire. Mo jókòó tì í títí wọ́n fi lọ. Ó sọ fún mi pé owó ìràpadà ti pé lọ́wọ́ òun, pé òun ti ń tọ́jú rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ nínú owó epo, kí òun lè fi ọwọ́ ara òun san án kí òun tó kú. Ó ní ọjọ́ tí wọ́n bá tú màrìwò yẹn, òun fẹ́ kí n dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun. Ó bi mí pé kí ni mo wá sọ, nítorí ó rí i lójú mi pé mo ní ọ̀rọ̀.

Mo ní mo kàn wá kí i ni.

Ẹ̀yin òǹkàwé, mo bẹ̀ yín, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Kápítéènì wa, níbikíbi tó bá wà. Ó sọ fún mi, mo sì gbọ́. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Fọlá, tí kì bá ti máa bá ìyá rẹ̀ ra ẹyìn tó jẹ́ tiwọn. Mo ti kó gbogbo owó tó yẹ kí ẹ̀gbọ́n mi ti rí nínú ọ̀pẹ náà jọ, bí mo ṣe lè ṣírò rẹ̀ mọ, ṣùgbọ́n n kò mọ orúkọ tí màá pè é bí mo bá gbé e fún un. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ fún mi pé ó ti pẹ́, kí n gbàgbé rẹ̀. Ẹyìn ọdún yìí pọ́n, mo sì rí i nígbà tí mo ń kọjá.

Mo fi ọ̀pọ̀ ọdún dúró níwájú àwọn ọmọ, mo ń bi wọ́n ní ìbéèrè. Olùkọ́ kì í sábà béèrè ohun tí kò mọ ìdáhùn rẹ̀. Bí wọ́n bá bi mí lábẹ́ ọ̀pẹ pé kí ni owó náà ṣe, mo mọ ìdáhùn: ó bọ́ mi, ó sọ mí di Mẹ́tìrì, kò sì yọ mí nínú ohunkóhun. Èyí tí n kò mọ̀ ni bí mo ṣe máa sọ ọ́ kí ọ̀pẹ lè padà sílé, kí arúgbó tó ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi má sì pàdánù àbúrò tó rò pé òun rà padà. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n nínú yín, ẹ jọ̀ọ́, kó tètè dá mi lóhùn. Ọjọ́ tí wọ́n dá ti súnmọ́, Ìyá Fọlá sì ti ní kí wọ́n bá òun fọ aṣọ funfun òun sílẹ̀.